Kúùbù Olójú Mẹ́fà: Orí Pípé Ni Tàbí Ọwọ́ Yíyá?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó dájú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ: nǹkan ìṣeré olójú mẹ́fà kan tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ pín sí ilé kéékèèké mẹ́sàn-án. Bí ó bá tò pé, ojú kan á funfun, òdìkejì rẹ̀ á jẹ́ yẹ́lò. Ọ̀kan á pupa, òdìkejì rẹ̀ á ní àwọ̀ omi ọsàn. Ọ̀kan á ní àwọ̀ ewé, òdìkejì rẹ̀ á jẹ́ búlúù. Ẹ yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá péré láìbìkítà, gbogbo àwọ̀ náà á dàrú mọ́ ara wọn, àtidá wọn padà á sì di iṣẹ́. Kúùbù Rubik ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kúùbù lásán ni àwọn ọmọ ilé ìwé wa ń pè é.

Èrò méjì ni mo máa ń bá pàdé láàárín àwọn òbí nípa rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ọmọ tó bá lè tò ó láàárín ìṣẹ́jú kan ti kọjá ọmọ lásán, pé nǹkan kan wà tí wọ́n fi bí i. Àwọn kejì a máa rà á fún ọmọ bí ẹni ra oògùn ìsọ̀yè, wọ́n á sì máa retí kí orí ọmọ náà jí pépé kí ìdánwò tó dé. Èmi kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Tíṣà ni mí. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní nǹkan ni mo lọ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì ti jókòó ti kúùbù yìí títí mo fi mọ̀ ọ́n tò. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọmọ kan ti jìyà àìmọ̀ àwọn àgbà lórí rẹ̀ níṣojú mi, mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́.

Ìtàn kúùbù kò gùn. Ní ọdún 1974, ní ìlú Budapest ní orílẹ̀-èdè Hungary, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Ernő Rubik, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ọnà àti yíya àwòrán ilé, fi igi ṣe èyí àkọ́kọ́. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà tí àwọn ègé kéékèèké fi lè máa yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láì tú ká. Ó rí ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí i lọ yí i bọ̀ tán, ó wá rí i pé òun kò mọ bí òun yóò ṣe dá a padà. Ó tó nǹkan bí oṣù kan kó tó rí i tò. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lo oṣù kan! Ní 1977 ni ó dé ilé ìtajà ní Hungary, ní 1980 ni ó jáde lọ sí ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú orúkọ Rubik lórí rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1982, Budapest kan náà ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 16 kan láti Amẹ́ríkà, Minh Thai, ẹni tí a bí ní Vietnam, ló gbégbá orókè. Sẹ́kọ́ńdì 22.95 ni ó fi tò ó. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi kúùbù ṣeré lẹ́yìn ilé ìwé lásán ló ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wá yí padà láti ìgbà náà? Ṣé ọpọlọ ọmọ ènìyàn ló di méjì ni?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí kò fi sí ẹni tó lè fi oríire tò ó. Ègé igun mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ mẹ́ta. Ègé etí méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ méjì. Àti ègé àárín mẹ́fà tí wọn kì í kúrò ní ipò wọn sí ara wọn. (Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ àwọ̀ tí ojú kan yóò jẹ́, àárín rẹ̀ ni kí ẹ wò.) Iye ọ̀nà tí gbogbo wọn lè gbà wà jẹ́ 43,252,003,274,489,856,000. Èmi kò mọ orúkọ tí ènìyàn lè pe iye yẹn ní ilé wa, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń wo ọ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan, láìsùn láìjẹun, yóò lò ju ọdún mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù kan lọ kó tó wò wọ́n tán. Ọmọ tó bá ń yí i káàkiri pé bóyá yóò bọ́ sí i, bàbá bàbá rẹ̀ ìbá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní tíì dé ibì kan.

Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọmọ tuntun dà bí ilé kíkọ́: ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé. A ó kọ́kọ́ to ojú funfun sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn igun rẹ̀. A ó wá to àwọn etí tó wà láàárín. Lẹ́yìn náà ni a ó dé orí. Ìpìlẹ̀ kò le, ọmọ tó bá fara balẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Òrùlé ni wàhálà wà, nítorí pé bí o bá fẹ́ gbé ègé kan kúrò lórí, àfi kí o yí ojú kan, ojú tí o bá sì yí, á wó nínú ògiri tí o ti mọ. Ibí yìí ni fọ́múlà ti wọlé. Fọ́múlà kò ju ìyí mélòó kan tí a tò tẹ̀ léra wọn lọ: ó máa ń wó ògiri, á tún ògiri mọ, nígbà tó bá sì parí, àwọn ègé díẹ̀ tí a fẹ́ nìkan ni yóò ti kúrò ní àyè wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kúùbù nílé, ẹ mú un kí a jọ ṣe ọ̀kan. Ẹ yí apá ọ̀tún sókè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yí orí, kí iwájú rẹ̀ lọ sí òsì. Ẹ yí apá ọ̀tún padà sísàlẹ̀. Ẹ yí orí, kí iwájú rẹ̀ padà sí ọ̀tún. Ìyí mẹ́rin nìyẹn. Ẹ ó rí i pé ó ti dàrú. Ẹ tún un ṣe, á dàrú sí i. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ ṣe é títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́fà gééré. Bí ẹ kò bá ṣi ìyí kan, kúùbù yín á ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi èyí han àwọn ọmọ kíláàsì mi, ariwo tí wọ́n pa mú kí ọ̀gá ilé ìwé wa yọjú lójú fèrèsé. Idán kò sí níbẹ̀. Bí aago ṣe ń yí padà sí méjìlá ni.

Ọmọ tó bá mọ fọ́múlà mẹ́fà tàbí méje yóò tò ó, ṣùgbọ́n kò ní yá. Ẹni tó fẹ́ yá gbọ́dọ̀ kọ́ púpọ̀ sórí. Obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Czechoslovakia àtijọ́, Jessica Fridrich, ẹni tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Binghamton ní Amẹ́ríkà, ni orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó yá jù lọ ń lò. Òun nìkan kọ́ ló ronú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló kó o jọ tó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1997 kí gbogbo ayé lè rí i. Nínú ọ̀nà rẹ̀, a ó to àgbélébùú funfun sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí a kò ní to igun lọ́tọ̀ kí a tó padà wá to etí. A ó so igun kan pọ̀ mọ́ etí kan, a ó sì tì wọ́n wọlé pa pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó. Ọ̀nà 41 ni àwọn méjèèjì lè gbà dúró kí a tó so wọ́n. Bí a bá ti ṣe èyí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, orí nìkan ló kù. Fọ́múlà kan á sọ gbogbo orí di yẹ́lò, 57 ni irú rẹ̀ tó wà. Òmíràn á wá gbé ègé kọ̀ọ̀kan sí ilé rẹ̀, 21 ni irú èyí. Fọ́múlà 78 fún òrùlé nìkan! Ẹni tí kò bá lè kọ́ tó bẹ́ẹ̀ lè pín in sí méjì-méjì, kí ó fi mẹ́rìndínlógún ṣe é. Bí mo ti ń ṣe nìyẹn, kò sì tíì sú mi.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Lars Petrus, ọmọ Sweden, kò fẹ́ràn kí a máa wó ohun tí a ti mọ, nítorí náà ó ń bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, ó sì ń mú un gbòòrò díẹ̀díẹ̀. Gilles Roux, ọmọ Faransé, ń to apá òsì àti apá ọ̀tún kọ́kọ́, á fi àárín sílẹ̀ kí ó máa yí fàlàlà, títí yóò fi kan àwọn etí mẹ́fà ìkẹyìn. Ìyí tí ọ̀nà Roux ń gbà kéré sí ti Fridrich, àwọn tó ń lò ó sì ń fi í yangàn. Kò sí èyí tó burú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń fò láti ọ̀kan sí èkejì lóṣooṣù kò ní mọ ìkankan.

Ibi tí àwọn òbí ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ni pé wọ́n rò pé ọmọ náà ń ronú bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ. Ìrònú kọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, ìdánimọ̀ ni. Ọ̀ta ayò kì í ka ọmọ ayò ilé kan lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mọ̀ pé ó tó jẹ. Ó ti rí i kí òpè tó na ìka. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tó mọ kúùbù ṣe ń wo orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀ fọ́múlà kí ó tó lè sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu. Èkejì ni pé ìka ni wọ́n sábà fi ń yí i. Ìka ìfábẹ̀lá á ta orí, èkejì á gbà á, gẹ́gẹ́ bí atẹ̀wé tí kì í wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù: nígbà tí ọwọ́ bá ń ti méjì kan wọlé, ojú gbọ́dọ̀ ti máa wá méjì tó kàn. Nítorí èyí ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ fi ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó dín ìyára ọwọ́ kù, kí ojú lè ríbi ṣáájú. Ọmọ tó ń yí i bí ìjì, tó ń dúró, tó tún ń yí i bí ìjì, ẹni tí kò kánjú tí kò sì dúró á yọ sílẹ̀ fún un.

Ohun èlò náà ti yí padà. Kúùbù ìgbà Minh Thai le, ó sì ń há. Àwọn tí wọ́n ń lò fún ìdíje nísinsìnyí ń yọ̀ bí ilá, òòfà kéékèèké sì wà nínú wọn tó ń fa ojú kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Èyí tí a ń rà fún àwọn ọmọ wa lọ́jà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ má sì retí kí ọmọ fi kẹ̀kẹ́ tí kò lẹ́ẹ̀sì sáré.

Nínú ìdíje, kọ̀ǹpútà ló ń yan bí a ó ṣe da kúùbù rú, kí ó lè jẹ́ bákan náà fún gbogbo wọn. Wọ́n á fún olùdíje ní sẹ́kọ́ńdì 15 kí ó fi wò ó láì yí i. Bí ó bá kọjá 15, wọ́n á fi méjì kún àkókò rẹ̀; bí ó bá kọjá 17, ìgbìyànjú náà bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni yóò tò ó. Wọ́n á yọ èyí tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù kúrò, wọ́n á sì pín mẹ́ta tó kù dọ́gba. Mo fẹ́ràn òfin yìí púpọ̀, nítorí pé oríire wà nínú ẹ̀ẹ̀kan. Ní 2018, ní ìlú Wuhu ní China, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, Yusheng Du, tò ó ní sẹ́kọ́ńdì 3.47, ó sì kọjá gbogbo ẹni tó wà láyé nígbà náà. Max Park, ọmọ Amẹ́ríkà, mú un wá sí 3.13 ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ọmọdékùnrin kan láti China, Xuanyi Geng, tò ó ní 3.05. Ní ti ìpín dọ́gba, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Yiheng Wang, òun náà láti China, ní 4.69 ní Kuala Lumpur ní oṣù kẹta ọdún 2023.

Ṣé òpin kankan tilẹ̀ wà? Ó wà, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣírò. Ní 1981, Morwen Thistlethwaite fi hàn pé bó ti wù kí kúùbù dàrú tó, ìyí 52 kò ní ṣàìtó láti tò ó. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń fà á wálẹ̀, títí di oṣù keje ọdún 2010, nígbà tí Tomas Rokicki, Herbert Kociemba, Morley Davidson àti John Dethridge fi àwọn kọ̀ǹpútà tí Google yá wọn ṣe iṣẹ́ tí ìbá gba kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ọdún 35. Ìyí 20 ni wọ́n rí. Kò sí kúùbù kan láyé tó nílò ju ogún lọ, àwọn kan sì wà tí kò lè dín sí ogún.

Ní báyìí, ẹ wò ó. Ẹni tó ń lo ọ̀nà Fridrich ń yí i tó ẹ̀ẹ̀márùndínlọ́gọ́ta tàbí ọgọ́ta ìgbà. Àwọn ọ̀gá lè yí i tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ọgọ́ta ìyí á gba sẹ́kọ́ńdì mẹ́fà. Ogún ìyí á gba méjì péré. Èéṣe tí wọn kò fi lo ogún? Nítorí pé ọ̀nà kúkúrú náà kò hàn sójú. Ìdíje mìíràn wà tí wọn kì í ka ìyára sí rárá: wọ́n á fún ènìyàn ní ìwé, gègé àti wákàtí kan gbáko kí ó wá ọ̀nà tó kúrú jù. Sebastiano Tronto, ọmọ Italy, rí ìyí 16 níbẹ̀ ní 2019. Wákàtí kan ni o, kì í ṣe sẹ́kọ́ńdì 15! Nítorí náà ẹni tó ń sáré máa ń gba ọ̀nà jíjìn tó mọ̀ dunjú, ó sì ń fi ẹsẹ̀ yíyá dípò ọ̀nà àbùjá. Ìwọ̀nba ni ojú lè rí lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba ni ìka lè ta. Ẹ̀rọ kò ní ìṣòro méjèèjì: ní 2025, ẹ̀rọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe tò ó ní sẹ́kọ́ńdì 0.103. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti tán.

Òpin kẹta wà tí àwọn òbí kì í mọ̀, òun ló sì mú mi kọ ìwé yìí. Ní sáà tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ kan ní kíláàsì karùn-ún wa mú kúùbù kan wá fún un láti Èkó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n náà, tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ti ń to tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n fún ọmọ wa ní ìwé tí wọ́n kọ fọ́múlà sí, ó sì kọ́ wọn. Ó to ìpìlẹ̀, ó to ògiri, ó dé orí, igun kan kọ̀ fún un. Ó dà á rú, ó tún un tò, igun kan tún kọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń ṣe èyí. Bàbá rẹ̀ ní olódo ni. Àwọn ọmọ àdúgbò gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá bá mi nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, kúùbù náà wà nínú ọ̀rá dúdú.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Ṣé lóòótọ́ ni pé orí rẹ̀ kò pé?”

Ọmọ ni wọ́n ní kí n wò, kúùbù ni mo kọ́kọ́ wò. Gbogbo rẹ̀ tò pé, àfi igun kan ṣoṣo tó wà ní ilé rẹ̀ gan-an ṣùgbọ́n tí ó kọ ojú sí ibòmíràn. Irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀ láti ara yíyí. Kò sí bí a ṣe lè yí kúùbù tí igun kan ṣoṣo yóò fi yí ojú padà láìjẹ́ pé igun mìíràn yí pẹ̀lú rẹ̀. Mo bi í léèrè, ó sì sọ fún mi pé ó ti já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun rí ní Èkó, ó tú ká, wọ́n sì kó o pa dà. Ẹ̀yin òbí, bí a bá tú kúùbù palẹ̀ tí a sì kó o jọ láìwo ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan wà, nínú ọ̀nà méjìlá, ọ̀kan péré ló ṣeé tò. Mọ́kànlá tó kù, Rubik fúnra rẹ̀ kò lè tò ó, ẹ̀rọ Purdue kò lè tò ó. Bí ẹ bá rí i pé igun kan ṣoṣo ló yí, tàbí etí kan ṣoṣo ló dojú dé, tàbí ègé méjì péré ló gba ilé ara wọn, tí gbogbo ìyókù sì pé, kúùbù ló bàjẹ́.

Mo fi ṣíbí yọ igun náà, mo yí i, mo tẹ̀ ẹ́ padà, mo dà á rú dáadáa, mo sì gbé e fún ọmọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó tò ó tán. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó gba kúùbù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yí i wò lójú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ sì ti yí padà lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ó ní, “Tíṣà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé ìṣirò rẹ̀ náà á wá dára báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó bá mọ èyí tò á di ẹnjiníà.” Mo sọ òtítọ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tó fẹ́ gbọ́. Ẹni tó kọ́ fọ́múlà kúùbù mọ fọ́múlà kúùbù. Kò sọ ọ́ di ẹnjiníà, bí àìmọ̀ ọ́n tò kò ti sọ ọ́ di olódo. Ohun tí mo rí lára ọmọ rẹ̀ ni pé ó jókòó ti nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí gbogbo ayé ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, èyí sì jọ mí lójú ju ìṣẹ́jú mẹ́rin náà lọ.

Mo sọ ti Max Park tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fún un. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn dókítà rí i pé ó ní autism, ipò tó máa ń mú kí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá ẹgbẹ́ ṣe pọ̀ nira fún ọmọ. Ìka rẹ̀ kò lágbára. Àwọn òbí rẹ̀ fi kúùbù lé e lọ́wọ́ kí ìka náà lè máa ṣiṣẹ́; wọ́n sì mú un lọ sí ìdíje kí ó lè kọ́ bí a ti ń dúró de àsìkò ẹni láàárín àwọn ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí fún wọn pé yóò di ẹni tó yá jù láyé. Bàbá náà gbọ́, ó mi orí, ó sì bi mí pé èló ni kúùbù olóòfà.

Ní ti ìṣirò, mo ti fi ọmọ náà sínú àwọn mẹ́ta tó ń wá bá mi láàárọ̀ Sátidé. Ìda àti ìpín ni a wà lórí rẹ̀. Tí a bá parí, wọ́n ní ogún ìṣẹ́jú láti fi to kúùbù.